Àgbò Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Ki Òwú Sí Nínú

Ìwọ akọ̀wé, máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Láyé àwọn ológun, iṣẹ́ tìmùtìmù ni mò ń ṣe n'Íkìrun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà l'Ókukù, opó ni wọ́n. Àgbò kan ṣoṣo ni ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn, àgbò burúkú. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, a máa kan gbogbo àlejò. Lọ́jọ́ kan ó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ jù, inú ẹ̀ wú, ó kú. Òkúǹbete ni, a ò rí i dúńbú, Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. A ní ká lọ sọ ọ́ nù, ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Wọn ò jẹun mọ́, àfi ògì díẹ̀ tí wọ́n ń mu. Wọ́n ń rù.

Wọ́n wá ní, "Ìwọ lò ń ki òwú sínú nǹkan. Ki òwú sí i. Kó dúró síbi tó ń dúró sí."

Mo bó awọ ẹ̀, mo gbé e lọ sílé n'Íkìrun. Mo fi iyọ̀ àti eérú ra á, mo sá a títí ó fi gbẹ. Mo fi igi ayán kan egungun fún un, mo ki òwú àràbà sí i, mo rán an. Bọ́tìnì àga dúdú méjì ni mo fi ṣe ojú.

Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì Òkukù. Kọ̀ndọ́ ní, "Bàbá, ẹ kìlọ̀ fẹ́ran yín o, kó má tọ̀ sára èèyàn."

Mo ní, "Kò ní tọ̀."

Ní Inísà, ìyá kan wọlé, ó fún un ní èèpo iṣu. Kò jẹ ẹ́. "Àbí ara ẹ̀ ò yá ni?"

"Ó ti yó."

"Ẹran yìí mà ní sùúrù," ó ní. Ó di ìwo ẹ̀ mú títí a fi d'Ókukù.

Ẹ̀gbọ́n mi yí i po. "Kì í ṣe òun nìyí. Èyí ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí mi. Tèmi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni."

Mo tú ọrùn ẹ̀, mo tẹ orí ẹ̀ bọlẹ̀ bí àgbò tó fẹ́ kan èèyàn, mo ki òwú kún ẹ̀yìn ọrùn, mo ń fi ọ̀pá lù ú kó lè le.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo láti inú yàrá: "Ta ló ń na àgbò mi?"

"Èmi ni."

"Rọra."

Mo kàn án mọ́ pákó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Wọ́n gbé ògì wọn.

Lọ́sàn-án, àgbò aládùúgbò ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ó sáré wá, ó kàn án. Tiwa ò mì. Tọ̀hún jókòó bí ẹni tó ń ronú, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé.

Aládùúgbò náà dé. Òun gan-an ló bá mi bó awọ ẹran yìí o. Ó ní, "Ìyá, àgbò yín tún ti kan tèmi. Ẹ so ó mọ́lẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ògì sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Òun nìyẹn," wọ́n ní. "Iyán dà?"

Kò sẹ́ni tó gúnyán nílé. A sáré lọ wá iṣu.