Gíláàsì tí Mo Fi Ìkánjú Ṣe

Mo rántí ìgbà tí òórùn ẹyin bíbàjẹ́ kì í kúrò lára aṣọ mi, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni, òkè òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fi oru síǹkì àti gáàsì olóòórùn kan ṣe gíláàsì nínú ààrò. Oru àti gáàsì á pàdé, wọn á di ohun líle, wọn á máa lẹ̀ mọ́ ògiri ààrò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, títí yóò fi nípọn. Gíláàsì lásán a máa dí ooru lọ́nà, ṣùgbọ́n tiwa ń jẹ́ kó kọjá. Ojú ẹ̀rọ tí àwọn panápaná fi ń rí ènìyàn nínú èéfín ni wọ́n ń fi í sí.

Lọ́dún kan, ìsinmi mi kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ààrò kò tí ì parí. Èmi ọlọgbọ́n bá yí gáàsì sókè kó lè yá, n kò sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí a yọ ọ́, kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan lára rẹ̀. Mo fi àjákù etí rẹ̀ kan sápò, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìyá mi ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyìn ni mo ń retí. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo gaàrí tí ẹlòmíràn yan. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló ń lò nínú iná, mo sì sọ fún un.

Ó ní, "Ìdajì yìí mọ́, ìdajì kejì rú. O kánjú, àbí?"

Ẹni tó ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan fún ọjọ́ márùn-ún kó tó yan án ni mo fẹ́ tàn jẹ. Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan pé gíláàsì náà lè sán lójú iná.

"Ta ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá sán?"

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí iṣẹ́ mi, síbẹ̀ mo lọ tò sórí ìlà níbi tẹlifóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n má kó o jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dá gíláàsì náà dúró, ó sì fi ipò mi fún ẹlòmíràn. Ìyá mi ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Inú bí mi sí òwe náà, nítorí tèmi ti bàjẹ́ ná.

Mo ti dàgbà báyìí. Bí mo bá gbọ́ pé panápaná gbé ọmọ ẹnìkan jáde láàyè nínú èéfín, n kò lè sọ bóyá gíláàsì tí mo ṣe ló wà lójú ẹ̀rọ wọn. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo mọ̀.