Epo Tí Mo Fi Ẹnu Fà

Ìgbà tí mo gùfẹ̀ nídìí oúnjẹ, tí òórùn bẹntiróòlù jáde lẹ́nu mi, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ikọ́ lásán. Àyà ń ta mí bíi pé ata wọ inú rẹ̀. Ìyàwó mi, Ìyá Tóbi, bi mí pé kí ló dé. Mo ní eruku ojú ọ̀nà ni.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi ní Monrovia ni kí n máa bu omi kànga lọ fún àyẹ̀wò, ká lè mọ̀ bóyá epo ti jò wọ inú ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lọ́gbà Ol' Ma Kebbeh, ìyá àgbà kan ní Caldwell, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Mo ki rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, mo fi ẹnu fa epo bí ọ̀wọ́n epo ṣe kọ́ gbogbo wa nílùú wa. Mo tiẹ̀ ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fà tó mi. Epo pá mi lórí. Mo wúkọ́ títí omijé fi bọ́, mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, mo sì fi ọwọ́ kan náà gba omi sínú àwọn ìgò àyẹ̀wò. Ìbọ̀wọ́ wà nínú àpò mi o. Mi ò wọ̀ ọ́.

Nílé, mo yọ́ mu epo pupa, mo ti ìka bọ ọ̀fun, mo bì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí bẹntiróòlù ṣe ń gòkè padà ló tún ń yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní òwúrọ̀, ibà ti dé, èémí mi sì kúrú débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀ parí.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kanrí. Dókítà béèrè bóyá nǹkan kan wọ̀ mí ní ọ̀fun. Mo ní rárá. Èmi tí mò ń kìlọ̀ epo fún aráyé, kí n wá sọ pé mo gbé e mì? Wọ́n bá ń tọ́jú mi bí ẹni tí kòkòrò àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n máa pa làpálàpá. Ibà kò lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ol' Ma Kebbeh gbé ọsàn wá kí mi. Èsì ti jáde: wọ́n rí bẹntiróòlù nínú kànga rẹ̀, wọ́n sì ti ti ìdérí rẹ̀ pa. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń ru omi. Kò sì bínú. Ó tẹ̀ ba, ó di ẹsẹ̀ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

"My son, I hold your foot. My water make you sick."

Ó ń tọrọ àforíjì nítorí omi rẹ̀! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Síbẹ̀, mo dákẹ́ títí ó fi lọ. Ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí ju àyà lọ.

Ìyá Tóbi ń wò mí. "Bàbá Tóbi, kí lẹ fi pamọ́?"

Mo bú sẹ́kún. "Bá mi pe dókítà."

Dókítà kò bú mi. Ó ní epo fúnra rẹ̀ ló bó inú ẹ̀dọ̀fóró, ló fi wú. Kò sí oògùn tó ń fọ̀ ọ́ jáde. Ọ́síjìn, ìsinmi àti àmójútó ni. Láti orí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo ti pe ọ̀gá mi pé kí wọ́n tún omi ìyá yẹn bù, torí ọwọ́ mi ló kó epo sínú ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Ol' Ma Kebbeh. Ó ní:

"So da your mouth make me tote water?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ẹnu mi ló sọ yín di ẹni tó ń ru omi.

Títí di òní, mo máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀dọ̀fóró tó gbà láti tún ṣiṣẹ́ fún òpùrọ́.

Àyẹ̀wò kejì fi hàn pé omi rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kànga náà, ó bu omi sí kọ́ọ̀pù fún mi. Mo nawọ́ gbà á, ó ní kí n dúró. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé omi lé mi lọ́wọ́.