Iná Alùpùpù Tó Ń Fi Ariwo Ríran

Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá sọ fún ẹ pé iná iwájú alùpùpù mi ti ṣi ọkọ̀ òfurufú lọ́nà rí, wàá fẹ́ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Jókòó jàre. Ìkẹjà ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ó rí ìmọ́lẹ̀ mi ní Ìgandò, ó rò pé pápá tí òun fẹ́ balẹ̀ sí nìyẹn, ló bá sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn ẹ̀ fi gbé fìlà mi lọ. Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ti dé ni?" Mo ní, "Ẹ ò tíì dé o, ọmọ mi. Máa lọ, bí o bá ti rí afárá Ìyànà Ìpájà nísàlẹ̀, kí o yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ó dúpẹ́, ó gbéra. Bí o bá gbà á gbọ́, ó dáa. Bí o ò bá sì gbà á, jẹ́ kí n sọ bí iná ọ̀hún ṣe dé orí alùpùpù mi, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná tó dàpọ̀ mọ́ òórùn epo bẹntiróò ni mo máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí mo bá rántí àwọn ọdún yẹn, nígbà tí ẹni tó ní fóònù alágbèéká ládùúgbò ṣì máa ń gbé e lọ́wọ́ káàkiri kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù là ń gbé ní Ìgandò, ìyàwó mi sì ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀gbẹ́dá ni bèkírì tó ti ń rajà wà. Àṣà bèkírì náà le: wọn kì í kọ orúkọ, wọn kì í tò sórí ìlà. Agbọ̀n tó bá ti wà nílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn kí ládánì tó pe ìrun àsùbáà ni wọ́n máa kó búrẹ́dì gbígbóná sí. Agbọ̀n tó bá dé lẹ́yìn ìpè, àkùsílẹ̀ àná ni tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, agbọ̀n láàárín wa bí ọmọ.

Alùpùpù náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ló fi sílẹ̀ fún mi, ẹrù ìgbà tí náírà fúnra ẹ̀ ṣì jẹ́ owó tuntun. Irin ẹ̀ nípọn, ẹ̀rọ ẹ̀ ń dún gbùkẹ̀-gbùkẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́ kí àwọn ọmọdé lè mọ̀ pé òun ń bọ̀. Kò sí ẹrẹ̀ tí kò lè gbà kọjá. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni iná iwájú. Bátìrì kékeré ayé àtijọ́ ló ń lò, èyí tí agbára ẹ̀ jẹ́ ìdajì ti òde òní, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì pupa bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná náà ń tàn, o ní láti ṣá ìṣáná sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, à ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, agbọ̀n kún. Mi ò rí gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ la ojú ọ̀nà. Gọ́tà rí wa ní tiẹ̀. Ìgbà tí mo dìde, ìyàwó mi jókòó sínú ẹrẹ̀, búrẹ́dì ń léfòó yí i ká bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Kò pariwo. Ó tún gèlè ẹ̀ wé, ó wò mí, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, mi ò gun nǹkan yín yìí mọ́ láyé." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohùn yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Láti ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan tó ní alùpùpù Ṣáínà tuntun ló ń wá gbé e. Ọlọ́kadà náà ní ẹ̀kọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Lójoojúmọ́ ló máa ń dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbé Màámi." Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù mi bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ìyá onílé wa, tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Á máa gbálẹ̀, á máa sọ fún ìgbálẹ̀ ẹ̀ pé, "Ayé mà ti dayé. Ọkọ ní alùpùpù, ìyàwó ń wọ ọ̀kadà."

Mo bẹ ìyàwó mi títí. Nígbẹ̀yìn, ó nawọ́ sí mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìparí àdúgbò wa. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí iná yín jẹ́ kí n dá ojú ẹni tó wà lẹ́nu géètì ọ̀hún mọ̀, màá gùn ún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa wọ ọ̀kadà mi."

Èmi dà? Mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo ra ojú iná ọkọ̀ àjàgbé kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó fẹ̀ bí àwo ìmumi màlúù, mo gbé e lọ bá rìwáyà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó wo ojú iná, ó wo alùpùpù, ó wo èmi náà.

"Bàbá, orí ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi ojú erin sí yìí."

"Ṣáà bá mi so ó."

"Kí ni yóò máa jẹ? Ẹ̀rọ yìí ò lè bọ́ ọ."

"Ṣé èmi ni mo ni alùpùpù ni, àbí ìwọ?"

O rí i, ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kíláàsì tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ń kọ́ni nípa iná. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró lójú fèrèsé wọn, nítorí náà mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Rìwáyà mi orí, ó so wáyà láti ara ẹ̀rọ tààrà sí ojú iná ńlá náà, láìgba ara bátìrì kọjá, ó sì fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbà, mo pe gbogbo ilé jáde. Mo ta alùpùpù nípàá, ó jí, mo tan iná. Ohun tó yọ dà bí ẹ̀yinná tí wọ́n gbàgbé sínú àdògán. Ìyá onílé ní, "Ẹ bá mi gbé àtùpà wá o, kí n fi wo iná Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wá fún ẹ̀rọ lépo. Ẹ̀rọ bú ramúramù, iná náà là gbòò bí ọ̀sán! Ó ta dé mọ́ṣáláṣí, ó bá ládánì wa lẹ́nu géètì pẹ̀lú búùtà àlùwàlá lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bojú, ó kígbe pé, "Ta nìyẹn? Ẹ pa iná yẹn o! Ẹ pa á!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti ń ká apá agbádá tí mi ò wọ̀ sí èjìká.

Ìyàwó mi ò pàtẹ́wọ́. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rọra dún." Mo dín epo kù, iná sùn. "Ẹ tún jẹ́ kó bú." Mo fún un lépo, iná jí. Ó mi orí.

"Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ bá dé ibi tí kòtò wà, ṣé ẹ máa ń sáré ni àbí ẹ máa ń rọra?"

"Mo máa ń rọra."

"Nígbà náà, ibi tí ọ̀nà bá ti dáa ni iná yín á máa ríran. Tó bá dé ojú kòtò, á fọ́jú."

Ó wọlé lọ. Ìyá onílé pàápàá ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti burú.

Ojúmọ́ mọ́, mo padà sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo sì fi ẹnu mi sílẹ̀ nílé. Rìwáyà tú ojú erin kúrò. Ó tú kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ̀rọ, ó fi wáyà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wé e tuntun. Ó wá bátìrì òde òní kan, ó gé páànù àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kí ó lè gbà á, ó so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ àárín tó ń ṣe ètò agbára tó ń wọ inú bátìrì, ó sì fi gílóòbù tó mọ ní ìwọ̀n sí i. Èmi ni mo ń bá a di wáyà mú, èéfín léèdì tó ń yọ́ láti fi jó wáyà pọ̀ ń ta mí nímú. Ó ní, "Bátìrì yìí ni àká yín, Bàbá. Ẹ̀rọ á máa kó oúnjẹ sí i, iná á máa bù ú jẹ. Bí ẹ̀rọ bá sinmi, àká ò ní ṣófo." Lẹ́yìn náà ló wò mí dáadáa. "Ṣé ara yín ò yá ni? Láti àárọ̀, ẹ ò tíì parọ́ kankan."

Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé e, mi ò pe ẹnì kankan. Mo yí alùpùpù síta, mi ò ta á nípàá. Mo kàn tan iná. Gbogbo àdúgbò dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà sì nà gbọọrọ dé géètì mọ́ṣáláṣí, ó dúró síbẹ̀. Mo rí ládánì tó ń ṣí géètì. Ìyàwó mi jáde pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀. Ó wo ọ̀kánkán títí, ó wá gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ. Ó tutù. Lákòókò yẹn ni ọlọ́kadà dé, tó ń dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe ẹ̀. Ìyàwó mi sọ fún un pé, "Máa lọ, ọmọ mi, o ṣeun. Mo ti rẹ́ni gbé mi." Ó gun ẹ̀yìn mi, ó ní, "Baálé mi, ẹ káre. Kò sí iná tó tó tiyín ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́." A dé ojú gọ́tà, mo rọra, iná ò rọra. Agbọ̀n wa wà nílẹ̀ kí ládánì Ẹ̀gbẹ́dá tó ké Allāhu Akbar.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ẹni tí ń pariwo kó tó tàn ni èmi náà jẹ́ fún ìyàwó mi: bí èrò bá pé, mo mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, bí a bá wà láwa nìkan, tí ọ̀nà wá bàjẹ́, o ò ní rí mi. Obìnrin náà ò bèèrè ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Èyí tó máa dúró nígbà tí a bá ń rọra ló ń wá.

Ti ọkọ̀ òfurufú yẹn, irọ́ ni, ìwọ náà sì ti mọ̀ kí n tó panu dé. Ibi tí mo ti fi tèmi kún un tí o ò fura ni ọ̀rọ̀ ìyìn tí mo ní ìyàwó mi sọ. Kò sọ ọ́. Kò yìn mí rárá, àní kò sọ nǹkan kan láti ilé dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń bọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná tí ooru ẹ̀ ń mú mi lẹ́yìn, mo rí i pé orí ẹ̀ ti fara ti èjìká mi. Mo pè é. Ó ti sùn lọ.