Pèpéle Lójú Ọ̀nà Sángúróòsì

Èmi kì í rọra rìn. Ọmọ Ìta Fájì ni mí, edé àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà lọ́jà Sángúróòsì l'Ékòó, bí mo bá sì gbé àpò edé karí láàárọ̀, ọlọ́mọlanke gan-an á yà fún mi lọ́nà. Mo ṣe opó ọkọ mi tán, mo padà sídìí ọjà mi. Àfi bí orúnkún ṣe yẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun tẹrù lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹbí ọkọ mi tó wà láàárín ilé wa àti ọjà. Mo dúró, mò ń lọgun, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!" Kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, mo ti wà nílẹ̀, edé ti fọ́n ká títì.

Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ tó fi dé Nẹ̀pál, níbi tí ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ó pè mí. "Màmá, iṣẹ́ ti tó. Ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá ti sinmi tán, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yẹn, mo ti rí ẹni tó máa gbà á." Inú bí mi! Ìsọ̀ tí mo fi rán ìwọ gan-an lọ síléèwé? Ṣùgbọ́n mo ní mo gbọ́, mo sì wọ bàálù. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń bẹ létí ìró mi, mo ta á ní kókó méjì.

Nígbà tí mo dé, ọmọ mi ò mú mi lọ sí ìgboro. Abúlé kan lórí òkè Himaláyà la lọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ọmọ mi mọ̀, tó jù mí lọ dáadáa. Mọ́tò ò débẹ̀. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó ń kígbe ọjà, agogo ọrùn ewúrẹ́ nìkan lò ń gbọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ rárá: mo ró ìró, ṣòkòtò ọmọ mi ń bẹ lábẹ́ ẹ̀, mo tún wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rí mi bẹ́ẹ̀ ní Ìta Fájì á sá.

Lọ́jọ́ kejì, à ń gun òkè bọ̀ wálé. Mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ní CMS. Ọmọ mi ń pariwo, "Màmá, ẹ rọra!" Rọra kẹ̀? Kò pẹ́ tí èémí fi há mi lọ́fun. Ìyá àgbà kọjá lára mi, apẹ̀rẹ̀ igi ìdáná lẹ́yìn wọn, okùn ẹ̀ gba iwájú orí wọn, wọ́n ń rìn bí ẹni tí ò níbì kan án lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, àwọn àgbà wa ti wí i, èmi ni mi ò gbọ́.

Níwájú, lábẹ́ igi ńlá kan, wọ́n to òkúta di pèpéle, ó ga tó ìbàdí. Ìyá kẹ̀yìn sí i, wọ́n rọra tẹ̀ sẹ́yìn, ẹrù sì jókòó sórí òkúta. Wọn ò bẹ ẹnì kankan pé kó bá àwọn sọ̀. Wọ́n fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ wọn pé kí n wá jókòó.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi bi wọ́n: "Ta ló kọ́ pèpéle yìí?"

Ọmọ mi bi wọ́n lédè wọn. Ìyá ní àwọn làwọn kọ́ ọ nígbà tí ọkọ àwọn kú, kí gbogbo ẹni tó bá ru ẹrù kọjá lè ríbi mí. Omi bọ́ lójú mi. Mo rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, tí mò ń lọgun. Háà! Bí irú èyí bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

"Tún bi wọ́n: ṣé àwọn ọmọ wọn ò ní kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú, wọ́n wá sọ̀rọ̀ ṣókí. Ọmọ mi ò fẹ́ túmọ̀ ẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ọmọ àwọn ń sọ ọ́," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ń sinmi lójú ọ̀nà, kí àwọn má bàa jókòó pa sílé."

"O ṣeun. Ẹnu ẹ ló ti jáde o."

A pẹ́ níbẹ̀. Mo kọ́ ìrìn tuntun: pèpéle tí mo bá bá lọ́nà, mo jókòó, mo kí èèyàn, mo mí, mo tún dìde.

Nígbà tí mo fi dé Èkó, ọdún ikú ọkọ mi ti ń sún mọ́lé. Àwọn ọmọ fẹ́ pa màlúù ṣe sàárà. Mo ní ọjọ́ kan ni wọ́n ń jẹ màlúù tán. Bíríkìlà ni mo pè. Ó kọ́ pèpéle sára ògiri ilé ẹbí ọkọ mi, níbi tí mo ti ṣubú gan-an: apá kan ga tó àyà fún ẹrù, apá kan wà nílẹ̀ fún ìdí. Àwọn alábàárù ń sọ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà ń sọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún." Èmi náà á ní, "Àmín."

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi wálé. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín ru edé yẹn." Mo gbé e rù ú. Ó sáré lọ, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Kí n tó rọra dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti sọ̀ ọ́ sórí pèpéle, òógùn ń dà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo jókòó tì í. Ojú ẹ̀ lọ sétí ìró mi.

Mo tú kókó méjèèjì, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ìwọ lo ní kí n fún ẹ. Gbà. Tó o bá ti sinmi tán, lọ bá mi ṣí ìsọ̀, kó o sọ fáwọn oníbàárà mi pé mò ń bọ̀."