Màmá Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kabba, tí Ìpínlẹ̀ Kogi fúnra rẹ̀ náà ṣì jẹ́ ọmọdé bíi tèmi, iṣẹ́ tí mo kórìíra jù lọ láyé ni fífọ búrọ́ọ̀ṣì. Atíìsì ni wọ́n ń pe bàbá mi ní gbogbo ìlú. Àwọn ló ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí, àwọn ló ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ló sì ń kọ pátákó òkú tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀. Bí bàbá mi bá ti ṣíwọ́ báyìí, èmi Fúnmi ni mo máa bu kẹrosíìnì sínú agolo mílíìkì, tí n óò máa fọ búrọ́ọ̀ṣì títí ọwọ́ yóò fi máa ta mí. Bí mo bá ń jẹ iyán lálẹ́, òórùn kẹrosíìnì ni mo ń gbọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ bá òbí yín ṣiṣẹ́ ọwọ́ rí, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn olókùú ń lọ sí Lokoja, wọ́n ń gbé ìwé òkú tó ń dán bọ̀, tí fọ́tò wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Bàbá mi dúró níwájú ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú èyí." Ìyá mi ní, "Owó ènìyàn wà níbẹ̀ ṣá." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi ta kọfí tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ ìyá mi méjì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni àwọn náà fẹ́ rà.

Bùrọ̀dá Sámí, àbúrò ìyá mi, tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin, ló wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra ẹwà o. Ẹni tó fẹ́ máa ya àwòrán, mẹ́mọ́rì ni kó kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà, kí ojú mónítọ̀ fẹ̀, kí pupa jẹ́ pupa, kí àwọ̀ ewé jẹ́ àwọ̀ ewé. Ti ara àpótí, ẹ má wò ó. Ẹ ò ní gbé e lọ sóde."

Èmi, bàbá mi àti Bùrọ̀dá Sámí la jọ lọ sí Lokoja nínú ọyẹ́, nítorí pé iléèwé wà ní ìsinmi. Kọ̀ǹpútà méjì ni owó wa ká nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó funfun bí ẹyin, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré débi pé nígbà tí Bùrọ̀dá Sámí ṣí fọ́tò kan ṣoṣo lójú rẹ̀, ńṣe ló gan síbẹ̀. Èkejì jẹ́ àlòkù, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà, mónítọ̀ rẹ̀ sì wúwo bí àpò gàrí. Ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti tuntun, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Bàbá mi béèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á wo ojú títì kó tó dáhùn. Ó ní, "Onítẹ̀wé kan ni, Bàbá. Kò lò ó mọ́." Bàbá mi tó máa ń bi onítòmátì pàápàá ní ìbéèrè mẹ́wàá, lọ́jọ́ yẹn wọn ò béèrè ẹyọ kan sí i. Wọ́n sanwó, a gbé e.

Bí a ṣe tàn án ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kabba, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti òkè. Gèlè pupa yọ, ó dúró. Iwájú orí yọ, ó dúró. Ojú méjèèjì yọ, ó wá dúró pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wò wá láti ẹ̀yìn ògiri, tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Ẹnu tẹ̀ lé e, èjìká tẹ̀ lé e, a sì rí i pé aṣọ ìpò ló wà lára obìnrin náà, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnù máa ń hun fún òkú àgbà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ó dàárọ̀, Màmá Dèbórà Òkè-Bùkún. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́... Àyè ọjọ́ náà ṣófo.

"Yéè!" Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Bàbá Fúnmi, ẹ ra òkú wálé!"

Bùrọ̀dá Sámí ní kò ṣòro, òun lè pa á rẹ́. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní òkú olóòkú ni, a ò sì mọ̀ bóyá wọ́n sin ín re. A kì í gbá òkú àgbà dànù bí ẹni gbá ilẹ̀. Bí Màmá Dèbórà ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Ní àràárọ̀, bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún yọ díẹ̀díẹ̀, gèlè, iwájú orí, ojú. Ìyá mi sì pàṣẹ pé bí ojú náà bá ti yọ, kí n kí wọn. Mo máa kúnlẹ̀ síwájú mónítọ̀, n óò ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mà." Ọjọ́ tí mo gbàgbé, ìyá mi gbá mi létí. Wọ́n ní ṣé torí pé ẹnìkan kú ni n kò fi ní mọ̀ pé ó jù mí lọ.

Bàbá mi ń kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà kankan ò yọjú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a ti ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá ní ìwé Màmá Dèbórà dára tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ, kí àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ìlú rí i. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó ní ihò láàárín kò wuyì. "Fúnmi, fi ọjọ́ kan síbẹ̀," ni wọ́n wí, torí ìka tèmi ló yá lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọjọ́ wo? Wọ́n ní ọjọ́ kọ́jọ́. Ẹ gbọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ sórí ni ọjọ́ ìbí mi, tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo fi ọdún tí a wà nínú rẹ̀ kún un. Bàbá mi wò ó fìrí, wọ́n ní ó dáa.

Ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru. Bàbá mi ti lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, èmi nìkan ni mo ń gbálẹ̀, Màmá Dèbórà sì wà lójú mónítọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹnìkan dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Okun o, ọmọ mi."

Ìkíni ilẹ̀ wa ni. Mo gbójú sókè. Gèlè eléérú ni wọ́n wé, kì í ṣe pupa. Ṣùgbọ́n ojú náà ni. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe, mo kúnlẹ̀.

Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ti sin mí. Obìnrin àdúgbò wa kan ló ti ọjà yín dé lánàá, ó ń sunkún mi bọ̀ láti ojú títì. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un." Wọ́n wo ara wọn nínú mónítọ̀, wọ́n mi orí. "Ó jọ mí. N kò mọ̀wé. Kà á fún mi."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n purọ́, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ purọ́ fún ẹni tó wà níwájú mi tó tún wà lẹ́yìn mi? Mo ka ọjọ́ náà. Wọ́n ka ìka wọn.

"Ọjọ́ méjìlá ló kù," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, Mà. Ọjọ́ ìbí mi ni."

"Hẹ̀ẹ́n."

Báyìí ni bàbá mi dé, wọ́n rí Màmá Dèbórà, jálá epo jábọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Mo rò pé ẹ ti kú ni!"

"Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rí ara mi lára gíláàsì rẹ." Wọ́n wá ṣàlàyé. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi hun aṣọ ìpò fún òkú ẹlòmíràn, wọ́n sì fẹ́ fojú ara wọn rí tiwọn. Wọ́n hun ún, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ya fọ́tò nígbà tí wọ́n lọ kí ọmọ wọn ní Lokoja, wọ́n sì ní kí onítẹ̀wé fi àyè ọjọ́ sílẹ̀. "Òun ló wá kú," ni wọ́n wí. "Ẹni tí mo fún níṣẹ́ òkú mi ló ṣáájú mi lọ."

Bàbá mi ya ìwé náà kúrò lára gíláàsì, wọ́n sì fẹ́ kí n pa ọjọ́ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Màmá Dèbórà ní rárá. Wọ́n ní ohun tí ọjà ti kà, a ò lè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò lójú ọjà. "Fi sílẹ̀. N óò wá jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tó ń wá mi bá mú ọjọ́ yẹn dání lọ sílé mi, kò ní bá mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ méjìlá yẹn! Èmi ọmọ kékeré gbà pé mo ti pa ènìyàn. Mo ń fi èédú ka ọjọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n sì nà mí nítorí èédú náà. Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí pé Mùsùlùmí ni ìyá bàbá mi, mo bẹ àwọn náà pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà náà nírun wọn, kí n má baà fi ọ̀nà kankan sílẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run, jọ̀ọ́, n kò fẹ́ ọjọ́ ìbí mọ́.

Ọjọ́ náà pé. Kí a tó gbálẹ̀ tán ni wọ́n ti dé pẹ̀lú òwú àti ìrànwú wọn. Wọ́n jókòó síwájú mónítọ̀, wọ́n ń rànwú. Ìyá mi gún iyán, wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n tún béèrè ẹran. Mi ò gbé ojú kúrò lára wọn. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sápá kan, iná lọ pàù, ojú Màmá Dèbórà kú nínú mónítọ̀. Mo wo ti orí àpótí. Ìrànwú ti dúró, orí ti tẹ̀ sí àyà, ojú ti pa dé. Mo rọra súnmọ́ wọn, mo na ọwọ́ sí ihò imú wọn.

"N kò tíì lọ," ni wọ́n wí, wọn ò lajú. "Lọ bu omi wá."

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí iná sì ti dé, wọ́n ní kí n pa ọjọ́ náà rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àyè náà fi ṣófo. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi, wọ́n súre ọjọ́ ìbí fún mi, wọ́n wọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e la gbọ́ tilé wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìbí mi yẹn, bí oòrùn ṣe yẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí wá sílé wọn ní Òkè-Bùkún. Ó bi àwọn ọmọdé bóyá Màmá wà nílé. Wọ́n ní wọ́n lọ sí Kabba. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà díẹ̀, wọ́n fún un lómi, kò mu ún, ó ní òun yóò padà wá. Bàbá mi ní ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra òwú. Ìyá mi wo bàbá mi, wọ́n sì lọ tan iná ọbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Màmá Dèbórà lò lẹ́yìn ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù wa kún fún oníbàárà, nítorí ìlú ní kọ̀ǹpútà Atíìsì ló gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú. Owó iléèwé mi, inú àpótí pípọ́n yẹn ló ti jáde.

Ayé òde òní, fóònù ọwọ́ ọmọ mi lágbára ju kọ̀ǹpútà yẹn lọ. Fọ́tò kì í yọ díẹ̀díẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í sì í ráyè kí ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi àwòrán àbẹ́là tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọ̀rẹ́ wọn tó wà láàyè, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ ìwé òkú náà lèmi ń ṣe ní Kabba, ọjọ́ òkú tí mo sì ti tẹ̀ kò lóǹkà.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá mi kú. Èmi ni mo ṣe ìwé wọn. Mo fi fọ́tò sí i, mo fi orúkọ sí i, mo dé ibi ọjọ́, ìka mi kọ̀. Ẹbí bínú nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní mo ṣe àṣìṣe. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà mi, àyè ọjọ́ rẹ̀ ṣófo. Ní àràárọ̀, bí mo bá ti tàn án, mo máa ń kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."