Ara Tó Ń Yún Bàbá Kékeré

"Rọra, ìyàwó! Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ògiri tí ò ń rẹ́!"

Bàbá kékeré ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, tí ìyá àgbà mi ń fi òrí pa á lára láti ọrùn dé ìbàdí. Ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu, torí ẹ̀rín ti fẹ́ pa wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ má họ ọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí òrí ṣiṣẹ́."

Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ o. Àbúrò bàbá àgbà mi ni, ìyá àgbà sì dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé ìyá àgbà wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un títí ayé. Ìyá àgbà máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oògùn ló fa gbogbo rẹ̀. Ní abúlé wa níhà Irawo, lẹ́bàá odò Òfìkì, àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké wà tó máa ń jẹni létí odò. Wọ́n á fi aràn síni lára, aràn náà á di ìnárun, ara á máa yúnni láìsinmi, bó bá sì pẹ́, á gun ojú lọ, á sì fọ́ ọ. Ọdọọdún ni ìjọba ń fi oògùn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ọmọ aràn ló ń pa, kì í pa ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ni abúlé yàn láti máa pín in, nítorí kò sí ilé tí kì í wá ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pè é lọ sí Ṣakí, wọ́n kọ́ ọ, ó sì gbé ọ̀pá aláàmì dé, torí gíga ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Kí ẹ rí àwọn àgbà ọkùnrin lẹ́bàá ọ̀pá yẹn, tí wọ́n ń na ọrùn bí àkùkọ, kí tiwọn má baà kéré sí ti ẹlòmíràn!

Bàbá kékeré náà na ọrùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó jọ pé èsìsì ni wọ́n fi nà án. Ó búra pé oògùn náà kò ní kan ẹnu òun mọ́.

"Kí n tó gbé e mì, ara ń yún mi díẹ̀. Mo gbé e mì tán, ó fẹ́ pa mí. Májèlé ni!"

Ìyá àgbà ní ara rẹ̀ ló ń jagun. Bàbá kékeré ní ìyàwó kì í kọ́ ọkọ lọ́gbọ́n. Àwọn mìíràn nínú ilé sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá ń tu oògùn tiwọn dànù lẹ́yìn ilé.

Ọdún kejì dé, ó kọ̀ lóòótọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọkùnrin tó máa ń rí ẹyin awó nínú koríko látorí kẹ̀kẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí òpó tí a ń so ewúrẹ́ mọ́, ó sì bi í pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ po òrí nínú agbada lọ́jọ́ náà, ó ń lù ú kó lè funfun, òórùn èso òrí tí a yan sì gba gbogbo àgbàlá. Òrí náà ti funfun tán, ó sì ń lù ú lọ. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ìjàlọ ló yanjú ọ̀rọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú, kí a tó mọ̀ wọ́n ti wọ inú ilé-ìdáná. Gbogbo wa sá jáde, à ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, à ń já ìjàlọ kúrò lára. Ìyá mi gbé kẹrosíìnì kó dà á sí wọn lórí, Bàbá kékeré sì figbe ta.

"Má dán an wò! Fi wọ́n sílẹ̀! Eku, àkeekèé, ejò tó wà nínú òrùlé yẹn tí o kò mọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kò tó àkeekèé mú, wọn á ṣùrù bò ó ni. Wọn á ta onílé náà díẹ̀, ẹ mú un mọ́ra. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n ti gbá ilé mọ́ fún yín."

Ìyá àgbà ń já ìjàlọ lẹ́sẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọ́n sọ fún wa ní Ṣakí pé àwọn ọmọ ogun kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Aràn tóbi jù wọ́n lọ, ọ̀kan kò lè gbé e mì, ni wọ́n ṣe ń ṣùrù bò ó, tí wọ́n ń tu oró sí i lára. Ó pẹ́ tí aràn ti ń tàn wọ́n jẹ, tí wọn kò fura sí i mọ́. Oògùn ló ká aràn lọ́wọ́ kò, ni wọ́n bá rọ́ lù ú. Oró tó ta sí yín lára ló ń yún yín. Ilé ni wọ́n ń gbá fún yín, ẹ sì ní májèlé ni."

Bàbá kékeré wo ilẹ̀. Ẹ̀rín mú un tipátipá.

"Ìyàwó yìí, o fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi mú mi."

"Ẹ dákun," ìyá àgbà ní, "mi ò fẹ́ kí á máa fà yín lọ́wọ́ kiri."

Bàbá kékeré fọwọ́ kan ọrùn. "Yíyún yẹn ńkọ́? Ṣé bíi ti ọjọ́sí náà ni?"

"Yóò yún yín. Kò ní tó ti àkọ́kọ́, torí ọmọ aràn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òrí sì wà."

Bàbá kékeré ní kí a gbé ọ̀pá wá. Ó gbé oògùn mì níṣojú gbogbo ilé, àwọn tó ń tu tiwọn dànù náà sì gbé e mì. Ó yún un, ó pariwo òrí títí a fi dáhùn. Ọdọọdún ni yíyún náà ń dínkù, títí Bàbá kékeré fi ń ráhùn pé oògùn ìjọba kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ti lọ nínú ojú rẹ̀ kò padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò lọ.

Títí dòní, bí ara ọmọ mi bá gbóná, mo máa ń tọ́jú rẹ̀, mo sì máa ń gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n àyà mi kì í já. Ìyá àgbà ti jẹ́ kí n mọ̀ láti kékeré pé ara ènìyàn kì í káwọ́ gbera, àti pé nígbà mìíràn ohun tó ń ni wá lára ni ariwo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Ìyá àgbà ti kú kí n tó bí àkọ́bí mi. Mo gbé ọmọ náà lọ sí abúlé, mo gbé e lé Bàbá kékeré lọ́wọ́, òun náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó yí ọmọ náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Imú ìyàwó mi rèé," ó ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.