Ọdún tí A Jẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Lórí Iyanrìn

Lánàá, àwọn tó ń bá wa tún omi ṣe wá sílé wa ní Àjà, wọ́n da oògùn funfun sínú táǹkì. Ọmọ-ọmọ mi di imú mú, ó ní, "Màmá àgbà, omi yìí ń rùn bí ọsibítù." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú mi. Òórùn yẹn ti mú mi padà sí abúlé wa létí òkun, lẹ́yìn Ẹlẹ́kọ, lọ́dún tí àrùn onígbáméjì jà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí dé Ṣàngótẹ̀dó, ẹ kò lè mọ bí ìhà ibẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àgbọn ló wà lọ́tùn-ún, àgbọn ló wà lósì, iyanrìn tó ń jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án ló wà láàárín. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó á wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, bó bá sì padà dé, gbogbo abúlé á ti mọ ohun tó rà kó tó dé ilé ara rẹ̀. Bàbá mi ń pẹja lókun, ìyá mi ń yan ẹja náà, èmi sì ni mo ń ṣa èèpo àgbọn tí a fi ń dáná. Èéfín yẹn wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ wa fi máa ń sọ pé òun kò ní láti pe orúkọ kí òun tó mọ̀ pé mo ti wọ kíláàsì.

Aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Nínú ọgbà ìjọ ni kànga kan wà tí olórí ìjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Alàgbà, fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ lẹ́yìn ààwẹ̀ gígùn. Omi rẹ̀ dùn, kò ní iyọ̀ nínú bí omi àwọn kànga yòókù, ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀. Bí aláìsàn bá dé, ẹ̀bá kànga náà ni wọ́n ti máa ń wẹ̀ ẹ́, omi ìwẹ̀ á sì rin wọnú iyanrìn. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá jẹ́wọ́, Alàgbà á bu omi kan náà fún un mu. A kì í lo oògùn òyìnbó rárá. Orí ń fọ́ni, omi ni. Inú ń runni, omi ni. Ọmọ kò mọ̀wé, omi náà ni. Èyí tí èmi nìkan mu tó kó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Alàgbà kì í ṣe èèyàn burúkú o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohùn wọn rọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọdé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Dọ́káàsì, ni ọ̀rẹ́ mi. Dọ́káàsì lè mi àgbọn létí kó sì sọ fún ọ bóyá ó ti gbó. Bó bá fẹ́ purọ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ máa rín, nítorí náà irọ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ síwájú. Títí di òní olónìí, n kò tíì ní ọ̀rẹ́ tó ṣe bíi rẹ̀.

Àkókò òjò ni onígbáméjì dé. A ti ń gbọ́ ọ pé ó ń jà ní Èkó, pé ó ti kọjá sí àwọn ìlú òkè, kó tó kàn wá. Ẹni tó jí pẹ̀lú ara líle láàárọ̀, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, èébì á tẹ̀ lé e, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, wọ́n ti ń wá pákó pósí. Ọjà tú. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. A kò mọ ẹni tó kàn.

Wolé-wolé kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa, tòun ti ṣòkòtò kàkí pénpé. Ó da oògùn funfun sínú gbogbo kànga abúlé, àfi ti ìjọ nìkan. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni Alàgbà ti dá a dúró.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n omi ìyè kì í gba oògùn."

Wolé-wolé kò bá wọn fà á. Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó dúró ńta, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi yòówù kẹ́ ẹ máa mu, ẹ sè é kó hó dáadáa." Orókún rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi méjì, ìbejì, ṣì ń rá kòrò nílé. Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò omi kò ti kúrò lórí iná wa.

Alàgbà kéde ààwẹ̀ àti ìrònúpìwàdà. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kan fara pamọ́ láàárín wa, bíi ti Ákánì tó kó ohun èèwọ̀ pamọ́ sábẹ́ àgọ́ tí Ísírẹ́lì fi sá lójú ogun. Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀ sórí iyanrìn létí òkun, oníkálukú á sì máa jẹ́wọ́. Ọkùnrin kan jẹ́wọ́ pé òun jí àwọ̀n aládùúgbò òun. Òmíràn jẹ́wọ́ pé òun ní ìyàwó kejì ní Ẹ̀pẹ́, tí ìyáálé rẹ̀ tó kúnlẹ̀ tì í kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí ìrònúpìwàdà di ìjà. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ tán á mu omi kànga nínú ife kan náà, ife ọ̀hún á sì máa ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì.

Ìyá mi gba ife, wọ́n da omi tiwọn sínú abọ́, wọ́n ní àwọn á mu ún nílé. Ẹnì kan yọjú sílé wa, ó rí i pé wọ́n ń sè é. Ariwo ta. "Ìyá Ìbejì ń se omi ìyè bí ẹni ń se ẹ̀fọ́!" Ìyá mi gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí wolé-wolé sọ, àwọn èèyàn kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ẹni tó sá fún omi ìrònúpìwàdà ló gbé ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Ákánì wa rèé. Alàgbà ní kí ìyá mi má wọ ọgbà mọ́ títí wọn yóò fi jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ra ẹja lọ́wọ́ wa mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn dákẹ́, ìbínú sì jókòó sínú ìdákẹ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Dọ́káàsì wá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà, wọ́n fi gèlè bo ojú. Èmi ni mo ń fẹ́ná. Wọ́n dúró síbi ìkòkò.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nílé yín. Ṣé omi tẹ́ ẹ̀ ń sè yẹn ni? Ṣé kí n máa sè é fún Dọ́káàsì?"

Ìyá mi kò gbé ojú sókè. "Ẹ lọ bi ọkọ yín. Ṣebí àwọn ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀."

Ìyá Dọ́káàsì dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn èyí. Nígbà tí kò sí, wọ́n gba ibi tí wọ́n gbà wá padà lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Dọ́káàsì dùbúlẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá kànga, wọ́n tún wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bu omi rẹ̀ fún un mu. Wọn kò jẹ́ kí n rí i. Nígbà tí mo gbọ́ igbe láti ilé wọn, mo sá lọ sídìí àgbọn tí a ti máa ń ṣeré, mo sì sunkún títí èébì fi gbé mi, tí ẹ̀rù wá ń ba ìyá mi pé èmi náà ti kó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Alàgbà ránṣẹ́ pe gbogbo abúlé sí etí òkun, títí kan ìyá mi. A mọ ohun tí gbogbo èèyàn ń retí. Ojú ìyá mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró kí Alàgbà dárúkọ. Alàgbà bọ́ fìlà. Wọ́n kúnlẹ̀, àwa ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe òkun.

"Ẹ̀ ń wá Ákánì," ni wọ́n wí. "Èmi ni. Mo wẹ aláìsàn sẹ́bàá kànga tí mo ń bu fún yín mu. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mo pe ìgbéraga mi ní ohùn Ọlọ́run. Mo lé ẹni tó ń sọ òótọ́. Ẹ dárí jì mí."

Alàgbà ní kí wọ́n dé kànga náà pa títí wolé-wolé yóò fi padà wá. Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ìyá mi, àwọn tó ń sá fún wa lánàá ti ń wò wọ́n bí ẹni mímọ́. Bí ìyá mi bá kàn ní "ó ti tán" lọ́jọ́ náà, ó tó. Ọlá ni ìbá jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ìyá mi rìn gba àárín èrò kọjá, tí wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ìyá Dọ́káàsì.

"Èmi náà ni," ni wọ́n wí. "Ẹ wá bi mí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ìbínú dá yín lóhùn."

Ìyá Dọ́káàsì wò wọ́n títí. "Mo ti gbọ́, Ìyá Ìbejì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì lọ sílé.

Wolé-wolé padà wá, wọ́n ṣí ọgbà ìjọ fún un, ó da oògùn sínú kànga náà, àrùn náà sì rọlẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn kan ní oògùn wolé-wolé ló lé e, àwọn kan ní ìrònúpìwàdà ni. Lójú tèmi, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. Ìyá mi ń gbé ìkòkò omi sísè lọ sẹ́nu ọ̀nà Alàgbà láràárọ̀. Wọ́n á bá ìkòkò ti àná lófìfo, ní fífọ̀. N kò rí i kí obìnrin méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ mọ́ títí Alàgbà fi kó ìdílé wọn lọ sí ìlú wọn.

Wọ́n ti fi ọgbà yí etí òkun wa ká báyìí, wọ́n ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún olówó. Ilé ìjọ ti di onígíláàsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, omi inú rọ́bà la sì ń mu. Ṣùgbọ́n bí àjálù bá bẹ́ sílẹ̀, àdúrà tí a ń gbà kò yàtọ̀: kí Ọlọ́run tú ẹlẹ́ṣẹ̀ fó, ẹlẹ́ṣẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe àwa rí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ, ó sì máa ń dùn mí jù bí mo bá bá ara mi níbi tí mo ti ń ṣe "àmín" sí i.

Ìyá mi pẹ́ láyé kí wọ́n tó kú. Nígbà tí ó kù díẹ̀, pásítọ̀ kan wá gbàdúrà fún wọn, ó fi dá wọn lójú pé Ọlọ́run ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. "Mo mọ̀, ọmọ mi," ni ìyá mi wí. "Ti Ọlọ́run kò le. Ṣùgbọ́n 'bẹ́ẹ̀ ni' péré ni obìnrin yẹn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi."